Kámẹ́rà Tí Kì Í Jẹ Fíìmù

Nínú pálọ̀ àwọn àgbà láti Kétu dé Pobẹ̀ àti Sakété, òkè lọ́hùn-ún, nítòsí àjà, ni wọ́n máa ń gbé fọ́tò kọ́ sí. Wọ́n á jẹ́ kí orí rẹ̀ tẹ̀ wá síwájú díẹ̀, kí ẹni inú rẹ̀ lè máa wo àwọn tó jókòó nísàlẹ̀. Bàbá wà lórí àga, ó ti fẹ agbádá sílẹ̀, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lórí orúnkún kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, eyín kò sì hàn. Bí àlejò bá wọlé, kó tó jókòó ni yóò ti mọ ẹni tó kọ́lé.

Ìjókòó yẹn kì í ṣe èèṣì. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wá ṣe ìwádìí lórí fọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, ó sì gbé ohun tó rí jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts ní 1978. Ó rí i pé ìlànà wà nínú bí àwọn onífọ́tò Yorùbá ṣe ń mú ènìyàn jókòó: kí gbogbo ara hàn, kí ojú méjèèjì hàn, kí ipò ẹni náà láwùjọ sì hàn. Ó tún ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe fún ìbejì. Bí ọ̀kan bá ti lọ, wọ́n á ya èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì, onífọ́tò á to àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí bébà kan ṣoṣo, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè tún jókòó pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, èyí tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀ ya ọ̀kan, á wọ aṣọ èkejì rẹ̀ ya ìkejì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, inú yàrá òkùnkùn ni wọ́n sì ti ń parí rẹ̀.

Níhà tiwa náà, ní Bẹ̀nẹ̀, iṣẹ́ yìí gbayì. Joseph Moïse Agbodjélou, tí wọ́n bí ní 1912 tó sì kú ní 2000, jẹ́ onífọ́tò tí gbogbo Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) mọ̀. Ọmọ rẹ̀, Léonce Raphaël, kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, fíìmù ló sì fi ya àwọn àwòrán ará ìlú tó gbé orúkọ rẹ̀ dé òkè òkun, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sọ fíìmù nù.

Ètò sítúdíò yé tọmọdé tàgbà. O wọ aṣọ tó dára, o san àsansílẹ̀, o jókòó, iná kọ yànràn, o padà sílé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí fíìmù bá ti kún tí wọ́n sì ti fọ̀ ọ́, o lọ gba fọ́tò rẹ. Rólù kan kì í sábà ju àwòrán 24 tàbí 36 lọ, owó sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, torí náà kò sẹ́ni tó ń tẹ kámẹ́rà ṣeré. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí ni pé nẹ́gátíìfù kì í bá wọn lọ sílé. Inú àpótí onífọ́tò ló ń wà. Bí òjò bá ba fọ́tò ara ògiri jẹ́ lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n á ní, “Ẹ lọ bá bàbá onífọ́tò, wọ́n á bá wa tún un tẹ̀.” Ìnáwó ló ṣáájú, ìtọ́jú sì ti wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọdún 2000 ń sún mọ́lé ni kámẹ́rà mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ọmọ wa tó wà ní Faransé, ní Gàbọ́ọ̀nù àti ní Èkó wálé. Kékeré ni, ó ń dán, ó sì ní ojú gíláàsì kan lẹ́yìn tí àwòrán ń yọ sí lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kì í jẹ fíìmù. Ìbéèrè tí àgbàlagbà èyíkéyìí yóò bi ọmọ tó gbé e wá ni pé: “Bí kì í bá jẹ fíìmù, kí ló wá ń jẹ?”

Ìbéèrè náà tọ́, nítorí ìdáhùn rẹ̀ gùn. Ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà ni ẹnjiníà kan, Steven Sasson, ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1975. Ẹrù ni: ó wọn bíi kílò mẹ́ta àbọ̀, ó sì máa ń gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá 23 kí àwòrán kan ṣoṣo tó wọnú kásẹ́ẹ̀tì. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1995, Casio ti Japan gbé QV-10 jáde, èyí tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ojú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà. Kò ní fíláàṣì rárá. Nígbà tó di 2000, Canon gbé Digital IXUS tirẹ̀ dé: gíráàmù 190 péré, o lè pa á mọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Báwo ló ṣe ń rí ohun tó ń rí? Ẹni tó bá gbé orí òkè pẹrẹsẹ Kétu mọ ohun tí ọ̀wọ́n omi ń jẹ́. Omi jìn nínú ilẹ̀ níbẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí òjò ṣòfò. Ẹ jẹ́ ká ro àgbàlá kan tí wọ́n to ìkòkò kéékèèké sí ní ìlà-ìlà, tí ilẹ̀ kò fi hàn mọ́. Òjò rọ̀ díẹ̀, ó dá. Ìkòkò tó wà ní gbangba gba omi púpọ̀, èyí tó wà lábẹ́ igi gba díẹ̀, èyí tí òrùlé bò gbẹ táútáú. Wọ́n wá ń gbé omi náà láti ọwọ́ dé ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ti ọ̀kan kò dà pọ̀ mọ́ ti èkejì, títí dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tó ń wọ̀n ọ́n, tó sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò dé àgbàlá yẹn rí, bó bá gba ìwé náà, yóò lè sọ ibi tí igi wà àti ibi tí òrùlé dé dúró. Ìmọ́lẹ̀ ni òjò yìí. Awẹ́ sílíkọ́ọ̀nù kan tó wà lẹ́yìn lẹ́ńsì ni àgbàlá náà. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Willard Boyle àti George Smith, ló ronú rẹ̀ jáde ní ilé ìwádìí Bell ní 1969, ẹ̀bùn Nobel 2009 sì kàn wọ́n nítorí rẹ̀.

Àwòrán QV-10 ní àmì kéékèèké 320 ní ìbú àti 240 ní òró, ìyẹn 76,800. Ti Digital IXUS jẹ́ 1,600 ní ìbú àti 1,200 ní òró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì. Ohun tó yẹ ká dì mú nínú gbogbo èyí ni pé kò sí àwòrán kankan nínú kámẹ́rà náà. Òǹkà ló wà níbẹ̀. A lè ṣe ẹ̀dà òǹkà nígbà ẹgbẹ̀rún kí ó má ṣì, bí a bá sì kọ òmíràn lé e, eérú rẹ̀ kò ní kù. Gbogbo ayọ̀ àti gbogbo ẹkún àwọn tó kọ́kọ́ ní kámẹ́rà yìí, ibẹ̀ ló ti wá.

Ayọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Níbi ìsọmọlórúkọ, kí àdúrà tó parí ni wọ́n ti ń wo ojú ọmọ lẹ́yìn kámẹ́rà. Ìyá àgbà tó máa ń dijú nígbà tí iná bá kọ lè sọ pé, “Èyí kò dára, pa á rẹ́, tún un yà,” ọmọ á sì dáhùn pé, “Ó ti tán, Ìyá, ẹ tún gbójú sókè.” Ẹni tó bá ní kámẹ́rà náà di ẹni tí wọ́n ń pè sí gbogbo ìnáwó. Nígbà tí títẹ̀ ẹ́ kò gba owó mọ́, ojú àwọn ènìyàn tú ká. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹni tó ń jẹun, ẹni tó ń jó, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá orí àga kò parẹ́, àmọ́ ó ní ọ̀pọ̀ alábàákẹ́gbẹ́ báyìí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ ohun tó ń jẹ. Bátìrì ni. Mẹ́rin ni QV-10 ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan. Ojú gíláàsì, fíláàṣì àti ẹ̀rọ tó ń ti lẹ́ńsì jáde máa ń fẹ́ agbára púpọ̀ lójijì, bátìrì pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí a ń rà ní ọjà kò sì lè fún wọn. Àwòrán díẹ̀, ó kú. Ohun tó ń ya ènìyàn lẹ́nu ni pé bátìrì tí kámẹ́rà kọ̀ yẹn, bí o bá kì í bọ rédíò, rédíò á sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ sí i, torí pé díẹ̀díẹ̀ ni rédíò ń mu agbára. Àwọn kámẹ́rà bí IXUS ní bátìrì tiwọn tó ṣeé sọ sí iná, ṣùgbọ́n iná wo? Ọ̀pọ̀ abúlé orí òkè Kétu ni iná ìjọba kò tíì dé nígbà yẹn. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń bá wọn sọ ọ́, wọ́n sì ń sanwó rẹ̀. Bí ohun tí wọ́n fi ń sọ ọ́ bá sọnù, kámẹ́rà di ohun ìṣeré ọmọdé.

Káàdì ìpamọ́ náà kéré. Èyí tó bá IXUS wá nínú páálí jẹ́ mẹ́gábáìtì mẹ́jọ. Bí o bá fẹ́ àwòrán tó mọ́ jù lọ, kò ní gba mẹ́wàá kó tó kún. Rólù fíìmù tí wọ́n ń pè ní ohun àtijọ́ gbà jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà láti kó àwòrán sí nílé, ní ààrin ìnáwó gan-an ni yóò ti máa yan èyí tó fẹ́ pa rẹ́, kí ó lè rí àyè ya ìyàwó tó ń wọlé bọ̀.

Ibi tí àléébù rẹ̀ ti hàn jù lọ ni ojú agbo Ẹ̀fẹ̀ àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ohun àjogúnbá tí UNESCO kéde fún gbogbo ayé ní 2001, tí ìtàn rẹ̀ sì so mọ́ Kétu. Ní ọ̀sán, oníjó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń fi ẹsẹ̀ dá ìlù lóhùn láìfi ìdá kan ìṣẹ́jú-àáyá ṣòfò. Kámẹ́rà yìí, ní tirẹ̀, ń kọ́kọ́ wá ibi tí ojú rẹ̀ yóò mú kó tó ya ohunkóhun. O tẹ̀ ẹ́ nígbà tí igi orí oníjó kọjú sí ọ, ẹ̀yìn rẹ̀ lo bá nínú àwòrán. Àwọn tó gbọ́n lára àwọn tó ń ya fọ́tò kọ́ láti tẹ bọ́tìnnì náà dé ìdajì sílẹ̀, kí kámẹ́rà ti mú ojú kí ìlù tó dé ibi tí yóò sọ. Wọ́n ní láti mọ ìlù náà kí wọ́n tó lè yà á dáadáa. Nínú oòrùn kan náà, ojú gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ kì í hàn. Abẹ́ ìborùn ni wọ́n ti ń wò ó.

Ní òru, nígbà tí Ẹ̀fẹ̀ jáde wá kọrin, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Fíláàṣì kámẹ́rà kékeré kì í sábà ràn kọjá nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Ẹni tó dúró lókèèrè tó sì ń tẹ̀ ẹ́, orí àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ ló ń tan iná sí. Lẹ́yìn orí wọn, òkùnkùn biribiri. Bí fíláàṣì ṣe wà nítòsí lẹ́ńsì tún máa ń sọ ẹyinjú ènìyàn di pupa. Nǹkan mìíràn tún wà tó mú àríyànjiyàn wá: àwọn róbótó funfun tó máa ń léfòó nínú àwòrán òru. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn kan fi ìgboyà sọ pé òkú ọ̀run ni. Eruku ni. Ẹsẹ̀ oníjó gbé ilẹ̀ pupa sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan hóró eruku tó súnmọ́ lẹ́ńsì gba iná fíláàṣì, ó sì wú di róbótó nítorí pé ojú kámẹ́rà kò mú un. Kámẹ́rà fíìmù ńlá tí fíláàṣì rẹ̀ jìnnà sí lẹ́ńsì kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. A ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ láti sọ nípa ará ọ̀run nílẹ̀ wa, àmọ́ kì í ṣe inú káàdì la ti ń wá wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà kò ṣeé fò. Ìkòkò kọ̀ọ̀kan inú àgbàlá yẹn kì í rí ju àwọ̀ kan lọ: ìdajì wọn ń rí àwọ̀ ewé, ìdá mẹ́rin ń rí pupa, ìdá mẹ́rin tó kù ń rí búlúù, gẹ́gẹ́ bí ètò tí Bryce Bayer ti Kodak gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1976. Èyí tó kù, kámẹ́rà ń méfò rẹ̀ láti ara aládùúgbò ni. Fún ewé àti ògiri, ìméfò náà tó. Fún aṣọ òfì tí ìlà rẹ̀ tín-ín-rín, ó máa ń ṣì, aṣọ náà á sì ní ìgbì àwọ̀ tí ahunṣọ kò fi sí i. Èyí tó burú jù ni ti ojú ènìyàn. Kámẹ́rà náà gbà pé ohun tó wà níwájú òun, bí a bá pò ó pọ̀, kò dúdú kò sì funfun. Bí aláwọ̀ dúdú bá wọ agbádá funfun dúró nínú oòrùn ọ̀sán, funfun aṣọ á gba gbogbo ìwọ̀n náà, kámẹ́rà á dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú á sì dúdú débi pé imú kò ní hàn. Bàbá onífọ́tò mọ èyí, ó sì ń fi ọwọ́ tún un ṣe nínú yàrá òkùnkùn. Ọmọ tó ra kámẹ́rà kò mọ̀ ọ́n. Ó rò pé ojú ènìyàn rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn rí i tí kámẹ́rà wọn ṣàìsàn láìsí ìdí. Àwòrán á di aró, tàbí kó kún fún ìlà, tàbí kó dúdú pátápátá. Ní oṣù kẹwàá 2005, àṣírí tú. Sony, tó ń ṣe awẹ́ sílíkọ́ọ̀nù fún ara rẹ̀ àti fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mìíràn, ti ṣe àwọn kan láàrin 2002 àti 2004 tí okùn inú wọn máa ń tú nínú ooru àti ọ̀rinrin. Canon, Nikon, Fujifilm àti àwọn mìíràn kéde pé àwọn yóò tún wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ooru àti ọ̀rinrin, ojú ọjọ́ tiwa gan-an nìyẹn. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ kò sí ní ẹnu Àkàbà Ìdẹ́nà, ibodè Kétu.

Kí ni àwọn onífọ́tò wá ṣe? Wọn kò kú tán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ra kámẹ́rà tuntun náà, wọ́n sì fi ṣe iṣẹ́ tó bá a mu. Ilé tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò fẹ́ nǹkan bí àmì 300 nínú íǹṣì kan kí àwòrán tó mọ́. Nípa ìṣirò yẹn, àwòrán QV-10 kò tó fọ́tò ìdánimọ̀. Àwòrán 640 sí 480, tí àwọn mìíràn nígbà yẹn ń yà, tó sẹ̀ntímítà márùn-ún sí mẹ́rin, ìyẹn fọ́tò ìdánimọ̀ gan-an. Mílíọ̀nù méjì ti IXUS tó fọ́tò àwo-kiri, sẹ̀ntímítà 13 sí 10. Bó bá kọjá ìyẹn, bí o bá fẹ́ sọ ọ́ di fọ́tò pálọ̀ tí ń wo ènìyàn láti òkè àjà, igun mẹ́rin-mẹ́rin á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Nígbà tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ń ṣe àkọsílẹ̀ olùdìbò LEPI ní 2010 àti 2011, irú ìmọ̀ yìí kan náà ló wọ abúlé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láti ya ojú ará ìlú. Ẹni tí kò wọ sítúdíò rí láyé rẹ̀ ti ní òǹkà ojú rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìjọba.

Ìbéèrè tó kù ni ti ìtọ́jú. Àpótí bàbá onífọ́tò kò sí mọ́ nínú ètò tuntun yìí. Ẹni tó ya àwòrán ló ni òǹkà rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ àpótí ti di tiwọn. Káàdì sọnù nínú ìrìn àjò. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó àwòrán ọdún mẹ́ta sí kú lọ́jọ́ kan. Nígbà tí bátìrì bá pẹ́ níta, aago inú kámẹ́rà á padà sí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún kan tí kò kan ẹnikẹ́ni, ìsìnkú bàbá àti ìgbéyàwó ọmọ á wá ní ọjọ́ kan náà. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì sun Kétu ní 1886, ilé jó, ìtàn ìlú kò jó, nítorí pé ẹnu àwọn tí oyè wọn jẹ́ láti mọ ìtàn ọba ló wà, wọ́n sì ń kì í lé ara wọn lọ́wọ́. Òǹkà inú káàdì kò ní ẹnu.

Ìdájọ́ mi lórí kámẹ́rà náà kò ṣòro. Kò mú ìnáwó fọ́tò kúrò, ó kàn gbé e láti iwájú sẹ́yìn ni. Sítúdíò gba owó kí o tó jókòó, ó sì bá ọ tọ́jú rẹ̀. Kámẹ́rà kékeré yà ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó wá ní kí o máa tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ títí ayé. Ẹni tó san owó ẹ̀yìn yẹn ṣì ní fọ́tò rẹ̀. Ẹni tí kò san án kò ní nǹkan kan.

Àwọn ọ̀dọ́ ti tún ń wá kámẹ́rà wọ̀nyí kiri báyìí. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ ní adùn tí ti fóònù kò ní. Kò burú. Àmọ́ kí ẹ tó ta ti inú àpótí yín, ẹ yọ káàdì rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n wò. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti pa àwòrán rẹ́, òǹkà rẹ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀ títí tí a óò fi kọ òmíràn lé e, torí náà ẹ má ya ohunkóhun sí i mọ́ kí ẹ tó wá a. Èyí tí ẹ bá rí, ẹ yan àwọn tó ṣe pàtàkì, ẹ tẹ̀ wọ́n sórí bébà ní ẹ̀dà méjì. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ, ọdún àti ìlú sẹ́yìn. Ẹ fi ọ̀kan sílé, kí ẹ fún mọ̀lẹ́bí tó ń gbé ìlú mìíràn ní èkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é nígbà tí ẹni tó mọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú àwòrán náà ṣì wà láyé.